Wọ́n ti tún jẹnẹrétọ̀ mi wé: ṣé kí n sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á?

Ìbéèrè: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹja dídì ni mo ń tà ní Mọ́níyà níbí. Mo ti ra sólà, mo wá fẹ́ ta jẹnẹrétọ̀ mi. 2.5 kVA ni, ó ti pé ọdún márùn-ún lọ́wọ́ mi. Nígbà kan ó ń jẹ ọ́ìlì, mẹkáníìkì tú u, wọ́n bá mi fẹ inú bùlọ́ọ̀kù rẹ̀, wọ́n fi písítìnì tuntun sí i. Lọ́dún tó kọjá, kọ́ìlì rẹ̀, ìyẹn wáyà tí wọ́n wé sínú rẹ̀ tó ń mú iná wá, jó, a gbé e lọ tún wé. Láti ìgbà náà kò yọ mí lẹ́nu. Alágbàtà tó fẹ́ bá mi tà á ní kí n má la ẹnu mi, pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Ó ní òun á fọ̀ ọ́, òun á kùn ún, á dà bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí. Ọkàn mi ò gbà á tán. Ṣé dandan ni kí n sọ, àbí kí n dákẹ́ bí wọn ò bá béèrè? Ìyá Ẹlẹ́ja, Mọ́níyà.

Ìdáhùn: Ìyá Ẹlẹ́ja, ajé á wọ igbá o. Ẹ sọ ọ́. Ẹ sọ méjèèjì, bùlọ́ọ̀kù tí wọ́n fẹ̀ àti kọ́ìlì tí wọ́n tún wé, kí ẹ sì ti sọ ọ́ kí oníbàárà tó ki ọwọ́ bọ àpò. Dídákẹ́ torí pé wọn ò béèrè kò yọ yín nínú rẹ̀. Ẹni tí ò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ mọ ohun tó máa béèrè?

Mi ò ní sọ fún yín pé alágbàtà yẹn kò mọ ọjà o. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà ní ìgboro Ìbàdàn yìí tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti gbọ́ "wọ́n ti tún un wé", ẹsẹ̀ wọn ti kúrò níbẹ̀. Mo ti lé ní ogún ọdún nídìí iṣẹ́ títún jẹnẹrétọ̀ ṣe yìí, ojú mi ló ṣe. Ohun tó ń lé wọn ni àtúnṣe tí wọn ò mọ ìdí rẹ̀, tí wọn ò mọ ẹni tó ṣe é, tí wọn ò mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Bí ẹ bá lè dáhùn àwọn nǹkan wọ̀nyẹn, ọ̀rọ̀ yín á yàtọ̀ sí ti ẹni tí wọ́n sá fún.

Ẹ jẹ́ ká mú ti bùlọ́ọ̀kù ṣáájú, torí òun làwọn èèyàn máa ń rò pé kò tó ohun tí à ń sọ. Ẹ́ńjìnnì inú ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ tó tó tiyín, irú èyí tí wọ́n wo ti Honda GX160 àti GX200 ṣe, mílímítà 68 ni fífẹ̀ ihò tí písítìnì ń sáré nínú rẹ̀ nígbà tó bá ti ilé iṣẹ́ dé. Bí ihò yẹn bá jẹ, tí wọ́n gbé e lọ sí lẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fẹ̀ ẹ́ díẹ̀, 0.25 mílímítà tàbí 0.50, nígbà mìíràn 0.75. Ojú lásán ò lè fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn lọ, písítìnì àti ríìngì (òrùka irin tó yí písítìnì ká) tó máa wọ̀ ọ́ ti kúrò ní ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ wá fi ojú inú wo ẹni tó rà á lọ́wọ́ yín. Bó pẹ́ bó yá, ríìngì rẹ̀ á jẹ, kò sí ríìngì tí kì í jẹ. Mẹkáníìkì rẹ̀ á rán ọmọ iṣẹ́ lọ sí Ògùnpa pé kó lọ ra ríìngì 2.5 wá. Ọmọ á ra èyí tó bá ti ilé iṣẹ́ mu, torí kò sẹ́ni tó sọ ohun mìíràn fún un. Wọ́n á tò ó, wọ́n á dé e, wọ́n á tan án, èéfín búlúù á máa rú tùù. Ẹnu ríìngì yẹn ò pa dé nínú ihò tó ti fẹ̀, ọ́ìlì ń gba ibẹ̀ gòkè, ó ń bá epo jó. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti tú ẹ̀rọ kan báyìí lẹ́ẹ̀mejì kí ẹnikẹ́ni tó nu èédú kúrò lórí písítìnì, tí 0.50 tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ fi hàn kedere. Owó ríìngì lẹ́ẹ̀mejì, owó gáskẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì, owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Gbólóhùn kan ṣoṣo látẹnu ẹni tó tà á ni ì bá gbà á lọ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé ìtàn àtúnṣe wà lára ẹ̀rọ, bí táńkì ṣe wà lára rẹ̀, bí ọ̀pá èéfín ṣe wà lára rẹ̀. Ẹni tó ta ẹ̀rọ tó fi ìtàn rẹ̀ pamọ́ ti yọ páàtì kan kúrò kó tó gbé e fún èèyàn.

Ti kọ́ìlì ló gùn. Oríṣi wáyà méjì ni wọ́n fi ń wé e, bàbà àti alumíníọ̀mù. Àwọ̀ ìta wọn lè jọra, torí fáníìṣì tí wọ́n fi bò wọ́n máa ń jẹ́ kí méjèèjì pọ́n. Àwọn kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ alumíníọ̀mù nínú tí wọ́n fi bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò lóde. Bí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ wá bá mi, abẹ ni mo máa ń mú. Mà á fi ha ẹnu wáyà kan díẹ̀díẹ̀ títí fáníìṣì á fi bó, mà á gé e, mà á wá gbé ojú ibi tí mo gé sí oòrùn. Bàbà á pọ́n dé inú. Èkejì á funfun bí ìdí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi yanrìn bó. Ọwọ́ náà máa ń mọ̀ ọ́n: bí méjèèjì bá tóbi bákan náà, bàbà fi ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀ wúwo jù ú lọ.

Ìyàtọ̀ wọn nídìí iṣẹ́ ni pé iná tí alumíníọ̀mù ń gbé dáadáa kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ti bàbà tó nípọn bíi tirẹ̀. Bí ẹni tó wé e bá yọ bàbà kúrò, tó fi alumíníọ̀mù tí kò nípọn jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, á máa gbóná, fáníìṣì á yọ́, á tún jó. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé alumíníọ̀mù kò wúlò rárá. Ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré ló ti ilé iṣẹ́ gbé e wá, wọ́n kàn jẹ́ kó nípọn tó bó ṣe yẹ ni. Èmi ní tèmi, kọ́ìlì tí ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ fi bàbà wé, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju alumíníọ̀mù tuntun inú páálí lọ. Nítorí náà, "wọ́n ti tún un wé" kò tíì jẹ́ òótọ́ tó pé. Ó ku ta ló wé e, ìgbà wo ni, wáyà wo ni, kí ló sì jó ti àkọ́kọ́.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ ronú sí gan-an. Kọ́ìlì kì í dédé jó. Fírísà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra máa ń fa iná ní ìlọ́po mélòó kan ohun tó ń fà nígbà tó bá ti ń sáré. Bí fírísà méjì bá gbéra pọ̀ lórí 2.5 kVA, tí ẹnì kan tún wá ki áyọ́ọ̀nù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹrù yẹn pọ̀ jù fún un. Bó bá jẹ́ pé fírísà ìsọ̀ yín ló jó o, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ rà á, kó lè mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Òun náà lè jẹ́ ẹlẹ́ja bíi tiyín.

Mo ti dákẹ́ rí, mo sì mọ ohun tó fà. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, ṣọ́ọ̀bù mi wà lọ́nà Òkè-Àdó. Ẹnì kan jẹ mí lówó, ó fi jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ san án. AVR rẹ̀ ti jó. AVR yẹn ló ń di iná mú ní nǹkan bí 220 sí 230 volt, yálà ẹrù orí rẹ̀ pọ̀ tàbí ó kéré. Mi ò lówó tuntun lọ́wọ́, mo bá fò ó, mo so wáyà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Iná dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gẹ irun wá rà á. Ó bi mí pé, "Ọ̀gá, ṣé ó dáa báyìí?" Mo ní, "O rí gílóòbù yìí náà, ṣebí ó ń tàn." Òótọ́ ni, ó ń tàn.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ló padà dé. Kò pariwo. Ọ̀rá dúdú kan ló gbé wá, ó ń kó ohun inú rẹ̀ sórí tábìlì mi lọ́kọ̀ọ̀kan: kílípà kan, kílípà kejì, bọ́ọ̀dù tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n tú jáde. Òórùn iná ṣì wà lára wọn. Mo gbé mítà sí ẹ̀rọ yẹn. Nígbà tí ẹrù wà lórí rẹ̀, kò burú. Nígbà tí mo yọ ẹrù kúrò, ó gòkè kọjá 270. Mo san owó kílípà méjèèjì, mo ra AVR tuntun, mo so ó fún un, mi ò gba kọ́bọ̀. Ti tẹlifíṣọ̀n yẹn, agbára mi ò ká a lẹ́ẹ̀kan náà, oṣù mẹ́rin ni mo fi san án díẹ̀díẹ̀. Owó yẹn kọ́ ló dùn mí jù. Ó bi mí. Ó dúró níwájú mi, ó gbà mí gbọ́, ó bi mí, gílóòbù ni mo fi dá a lóhùn.

Láti ìgbà náà ni mo ti mọ ibi tí mo ń fa ìlà sí. Púlọ́ọ̀gì tí ẹ pààrọ̀, ọ́ìlì tí ẹ yí, okùn tí wọ́n fi ń fà á, ìtọ́jú nìyẹn, kò nílò ìkéde. Ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ̀, tí wọ́n wé, tí wọ́n gé, tí ajórin jó pọ̀, tàbí tí wọ́n fò, ẹ sọ ọ́ láìjẹ́ pé wọ́n béèrè. Nínú wọn, àwọn kan wà tí kò sí lábẹ́ ọ̀rọ̀ owó rárá: táńkì tó ń jò tí wọ́n lẹ̀, ọ̀pá èéfín tó là tí wọ́n fi wáyà dì. Afẹ́fẹ́ olóró kan tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ti pa àwọn tó sùn mọ́jú lórí ibùsùn wọn. Bí irú nǹkan báyìí bá wà lára tiyín, ẹ má tíì tà á. Ẹ tún un ṣe ná, kí ẹ sì tún sọ pé ẹ tún un ṣe.

Ó wá ku fífọ̀ àti kíkùn tí alágbàtà yín sọ. Kó fọ̀ ọ́, ìmọ́tótó kì í ṣe ẹ̀tàn. Kíkùn ni mi ò fẹ́. Ẹ̀rọ ọlọ́dún márùn-ún tó ń dán bí ìyàwó ọ̀sìngín, ẹni tó mọ iṣẹ́ á kàn máa wá ohun tí wọ́n kùn mọ́lẹ̀ ni. Bí ẹ bá sì gbà fún un lórí ọ̀dà, ẹ ò mọ ohun tó máa ṣe tẹ̀ lé e lẹ́yìn yín. Wọ́n á ti tan ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí kí oníbàárà tó dé, kó lè gbéra ní fífà kan. Wọ́n á da ọ́ìlì tó ki sí i, kí èéfín má rú, kí kíkan inú rẹ̀ rọlẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n á yí síkúrù tó ń mú eré ẹ́ńjìnnì. Irú ẹ́ńjìnnì yìí, ìgbà 3,000 ló yẹ kó máa yí ní ìṣẹ́jú kan kí iná rẹ̀ tó jẹ́ 50 Hz, ìyẹn ìgbà àádọ́ta tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọ́n á gbé e ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí gílóòbù lè mọ́lẹ̀ kedere lójú ẹni tó ń wò ó. Èmi, bí mo bá bá èèyàn lọ yẹ àlòkù wò, orí ẹ́ńjìnnì ni mo ń kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé. Bó bá gbóná, mà á wá ìjókòó, mà á tọrọ omi mu, mà á ní mi ò kánjú. A ó jókòó títí á fi tutù. Àwọn kan máa ń bínú sí mi. Mi ò tíì bá ẹnikẹ́ni ra ti àwọn tó bínú yẹn rí.

Ẹ wo òwe tí alágbàtà yín pa náà. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà lóòótọ́, bó bá dá nìkan wá tí kò mú ẹlẹ́rìí dání. Ẹ fún tiyín ní ẹlẹ́rìí. Ẹ padà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó wé kọ́ìlì, kó kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́ tó wé e, bàbà ni tàbí alumíníọ̀mù, nọ́ńbà ìnípọn wáyà. Bí oníbàárà bá wá dé, ẹ sọ ọ́ tààrà, ẹ má ràgà bò ó, ẹ má sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Bó bá jẹ́ pé fírísà ló jó o lóòótọ́, ẹ ní: "Ọdún márùn-ún ni mo ti ń lò ó. Ó jẹ ọ́ìlì nígbà kan, wọ́n fẹ bùlọ́ọ̀kù rẹ̀, nọ́ńbà písítìnì rẹ̀ rèé. Kọ́ìlì rẹ̀ jó lọ́dún tó kọjá torí mo gbé fírísà méjì lé e. Ìwé ẹni tó tún un wé rèé, o lè pè é. Láti ìgbà náà fírísà kan ni mo ń lò sí i, kò yọ mí lẹ́nu." Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹni tó gbọ́ ọ á mọ̀ pé ẹni tó mọ ẹ̀rọ rẹ̀ ló ń bá òun sọ̀rọ̀.

Ní ti owó, ẹ má torí pé ẹ sọ òótọ́ fi í tọrẹ. Ká fi 200,000 náírà ṣe àpẹẹrẹ. Bí àlòkù ọlọ́dún márùn-ún tí kò sẹ́ni tó mọ ìtàn rẹ̀ bá ń lọ ní iye yẹn, mi ò rí ìdí tí tiyín á fi lọ ní 100,000. Èyí tí wọn ò tíì ṣí rí lẹ́yìn ọdún márùn-ún, àtúnṣe rẹ̀ ti wà lọ́nà, ẹni tó rà á ló sì máa san án. Tiyín, ẹ̀yin ti san án. Ibi tí mo ti máa gé díẹ̀ ni bùlọ́ọ̀kù, torí irin inú rẹ̀ ti dín kù, ìgbà tí wọ́n tún lè fẹ̀ ẹ́ kò pọ̀ mọ́. Bí kọ́ìlì bá jẹ́ bàbà, mi ò ní gé kọ́bọ̀ nítorí rẹ̀. Bó bá jẹ́ alumíníọ̀mù, ẹ gé e, kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi gé e. Ẹni tó bá gbọ́ òótọ́ tán tó wá ní ìdajì lòun máa san, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ẹ tún wo irú ẹni tó ń ra jẹnẹrétọ̀ àlòkù nísinsìnyí. Láti ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ẹni tó bá ti ní agbára ń sá lọ sídìí sólà, bí ẹ̀yin náà ti ṣe. Àwọn mìíràn wà ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Band A, tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 fún lóòjọ́ láti oṣù Kẹrin ọdún 2024. Ẹni tó kù ni aránṣọ inú kọ̀rọ̀ kan ní Bẹẹrẹ tí iná kì í pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, tó ń dá àjọ kó lè rí ti jẹnẹrétọ̀ rà. Bí ẹ̀rọ yẹn bá kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lóṣù kejì, kò ní òmíràn, àjọ náà kò sì tíì tún kàn án.

Òfin náà sọ̀rọ̀ sí i. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 lórí ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà, èyí tí àjọ FCCPC ń mójú tó, ní kí oníṣòwò tó bá ń ta àlòkù tàbí ohun tí wọ́n tún kọ́ jẹ́ kó hàn gbangba sí ẹni tó ń rà á pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Ẹ lè ní ẹja lẹ̀ ń tà ní tiyín. Alágbàtà yín ńkọ́, tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn? Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá bẹ́yìn yọ, oníbàárà lè má rí i mọ́. Ìsọ̀ ẹja yín ni á wá, lójú àwọn tó ń ra ẹja lọ́wọ́ yín.

Nítorí náà, lọ́sẹ̀ yìí, ẹ pe mẹkáníìkì tó bójú tó bùlọ́ọ̀kù, kó sọ fún yín bóyá 0.25 ni tàbí 0.50. Bí kò bá rántí, ẹ jẹ́ kó ṣí orí ẹ́ńjìnnì wò, gáskẹ́ẹ̀tì kan ló máa ná yín. Ẹ fi máákà kọ nọ́ńbà yẹn sórí téèpù, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí fíltà afẹ́fẹ́, níbi tí mẹkáníìkì yòówù kó jẹ́ máa dé. Ẹ kó ìwé kọ́ìlì sínú ọ̀rá, kí ẹ so ó mọ́ ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbé e. Lọ́jọ́ tí oníbàárà bá ń bọ̀, ẹ má tan án láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ kó bá a ní tútù, kó gbé ọwọ́ lé e, kó fà á fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ki fírísà yín bọ̀ ọ́, kó sáré fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ dúró tì í.